Ìlà Kan Ló Kù

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí i.
Mi ò ní pè é lórúkọ,
màá kàn tan iná alùpùpù sójú fèrèsé,
torí iná ìjọba ti lọ láti alẹ́ àná.
Kilẹmáǹsì á gbé àpótí jáde,
á jókòó síwájú iná bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò,
ìwé lórí itan, aṣọ òtútù léjìká,
ẹ̀fọn lára gbogbo wa.

"Wá ẹkísì," ni ìwé wí.
Mo rẹ́rìn-ín.
Àbúrò mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi wá ẹkísì yẹn,
ọdún mẹ́ta tí mo jókòó sí gbọ̀ngàn kan náà,
tí mo dúró níwájú pátákó kan náà,
tí mo fi ìka tọ nọ́ńbà láti òkè dé ìsàlẹ̀:
ẹni tó ṣáájú mi wà níbẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé mi wà níbẹ̀,
àárín wọn ṣófo bí ibi tí eyín ti yọ.

Lọ́dún kẹta, bàbá wa ò sọ nǹkan kan.
Ó ta àgbàdo, ó ra alùpùpù,
ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ mi.
Bí mo ṣe di onísẹ́mì nìyẹn ní Kétu,
tí mo ń gbé tíṣà tó kọ́ mi ní máàtì lọ síbi iṣẹ́,
tí òun náà ṣì ń ka ṣéńjì mi lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi yìí ni mo wá ń kọ́ Kilẹmáǹsì. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ẹni tó ti já sí kòtò lẹ́ẹ̀mẹta
mọ bó ti jìn tó.
Mo mọ̀ pé inú ìbéèrè kejì ni wọ́n ń dẹ pàkúté sí.
Mo mọ̀ pé filọsofí kì í ṣe àpò tí à ń rọ́ ọ̀rọ̀ ìwé sí;
wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá o lè bá ara rẹ jiyàn
láìbá ara rẹ jà.
Kí o sì jẹun. Èyí ṣe pàtàkì.
Lọ́dún kejì, ebi ló bá mi kọ ìdáhùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa wá kí wa láti Ìmẹ̀kọ,
òun náà ń múra Jáǹbù.
Wọ́n tẹ́ ẹní kan, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn,
ọ̀kan ń kùn ní Faransé, ọ̀kan ń kùn ní Gẹ̀ẹ́sì,
bí oyin afárá méjì.
Nígbà tó rú wọn lójú tán,
"Báwo lomi ṣe ń gun igi lọ sókè?"
Yorùbá ni wọ́n fi bi ara wọn,
Yorùbá ni ìyá àgbà fi dáhùn látorí ibùsùn:
"Òùngbẹ ewé ló ń fà á."
Àwọn méjèèjì ṣíwèé wò.
Bẹ́ẹ̀ ló rí, ní èdè méjèèjì.

Òní ni. Òjò oṣù kẹfà ti kun bàtà funfun rẹ̀ ní pupa.
Mo ra epo ìgò méjì, mi ò gbé èrò kankan lọ́nà.
A gba iwájú Àkábà kọjá,
ẹnubodè tí àwọn baba wa fi ń dá ogun dúró.
Ó di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn, ó ń ka fọ́múlà sí mi létí;
kòtò kan, fọ́múlà kan fò.

Lẹ́nu géètì, ó yẹ ìwé ìpè wò, ó yẹ káàdì wò,
ó mú bíìkì kan nínú mẹ́rin, ó tì í bọ àpò mi.
"Bá mi tọ́jú ẹ̀." Kò sọ ìdí.
Ìdánwò: ká dán ènìyàn wò ni wọ́n pè é,
wọn ò sọ ẹni tí wọ́n ń dán wò.

Agogo ti lù. Ó yẹ kí n máa wá èrò.
Mo tẹ́ bébà àkàrà àárọ̀ sórí táǹkì,
mo kọ ìbéèrè ọdún kẹta yẹn sílẹ̀, mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí,
mo gbé méje lọ sódìkejì, mo pín in…
Obìnrin kan dúró tì mí, ó pọnmọ:
"Onísẹ́mì, ṣé ò ń lọ sí Ìlárá?"
Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ fún mi níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀.
Ìlà kan ló kù.